A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn ẹbí sọ ní ìpàdé òpin oṣù Kìíní, ní Surulere)

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní ìpàdé, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé yín, ẹ̀yin náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí ó kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Gbogbo wa la mọ àmì ọyẹ́. Ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là, gìgísẹ̀ á sán, imú ọmọdé á gbẹ. Aṣọ tí a sá ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti gbẹ gan-an. A ó nu tábìlì tán, ká tó yíjú, eruku ti tún bò ó. Bí ẹ bá dúró lórí afárá Ojúẹlẹ́gba ní òwúrọ̀, ẹ kò ní rí Yaba dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò rò ni pé ọyẹ́ tó gbẹ aṣọ wa yẹn náà ló ń gbẹ pákó òrùlé wa, kọ́tìnnì wa, fóòmù tí a ń sùn lé, àti ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ń gbẹ wọ́n sílẹ̀ de iná ni.

Ọ̀RỌ̀ OJÚ ỌJỌ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí nǹkan ń gbà ṣẹlẹ̀ ló lè mọ ọ̀nà tí yóò fi dènà rẹ̀. Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn. Ó ń gba orí ilẹ̀ Chad àti Niger kọjá, níbi tó ti ń ru eruku dání, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ló máa ń fẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Èkó, nítorí pé òkun sún mọ́ wa, kì í pẹ́ tó ti ilẹ̀ Hausa, ó sì máa ń wá, kí ó lọ, kí ó tún padà. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin tó máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó máa ń ju ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ó lè já wálẹ̀ sí ìdajì ìyẹn. Ohun tí kò bá ní ọ̀rinrin lára, ẹ̀ta iná kékeré ti tó fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá sì tún fẹ́ sí i, ó di ohun tí apá kò ká.

Bí ọyẹ́ bá lọ tán, ewu kò tí ì tán o. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ooru máa ń mú jù, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Gbogbo nǹkan ti gbẹ fún oṣù mẹ́ta, oòrùn sì ń ràn bí iná. Òjò àkọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ kì í wá ní pẹ̀lẹ́. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, tí yóò gbọn wáyà NEPA títí tí wọn yóò fi máa kan ara wọn, tí iná yóò máa ta bí ẹta ìbọn. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ sinmi.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni nǹkan yìí ń bá jà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kìíní ọdún 2025, iná sọ ní Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òjò kò rọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan tó máa ń ti aṣálẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun, tí wọ́n ń pè ní Santa Ana, sì dé pẹ̀lú agbára. Arákùnrin ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ yẹn. Ilé àti ilé-iṣẹ́ tó jóná lé ní 16,000, àwọn tó kú sì tó ọgbọ̀n. Ìlú olówó ni, ìlú tó ní ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ òfuurufú tó ń da omi sílẹ̀. Síbẹ̀ iná bá wọn fínra.

Ní tòsí wa níhìn-ín, àwọn àgbà kò lè gbàgbé ọdún 1983. Ọ̀dá mú ní Gánà, iná ìgbẹ́ sì jó oko kòkó àti oko oúnjẹ rẹpẹtẹ. Ọdún yẹn gan-an, ní oṣù Kìíní, ni ìjọba wa níhìn-ín lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, tí àwọn ọmọ Gánà bí mílíọ̀nù kan fi di ẹrù wọn sínú báàgì tí a wá ń pè ní Ghana Must Go. Inú ọyẹ́ la lé wọn lọ, ilé tí wọ́n dé sì ti ń jó, oúnjẹ kò sí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ojú ọjọ́ bá burú, orí ẹni tí kò ní ibi tó máa sá sí ló máa ń kọ́kọ́ wó lé.

IGBÓ TIWA NI ILÉ

Ẹlòmíràn lè sọ pé, “Pásítọ̀, a kò ní igbó ní Mushin.” Òótọ́ ni. Ilé ni igbó tiwa. Ilé fesi-mí-n-fesi-yín tó ní yàrá mẹ́wàá lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀nà ẹyọ kan láàrin, sítóòfù àti gáàsì ní ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, wáyà tó kọ́ra bí òwú aláǹtakùn lókè àjà, kí lẹ tún ń pè ní igbó? Òrùlé ilé kan ń kan òrùlé ìkejì. Ní Ladipọ̀, epo ẹ́ńjìnnì àti táyà àlòkù kún ilẹ̀. Ní àwọn ọjà wa ní Yaba, aṣọ, báàgì àti bàtà rọ́bà wà láti ilẹ̀ dé òkè.

Ìtàn wa ní Èkó ti kọ́ wa. Mo fẹ́ rán wa létí mẹ́rin péré, gbogbo wọn ló sì ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2002. Iná ràn dé ibi tí àwọn ológun kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ikeja. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe iná ló pa wọ́n. Wọ́n ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì kó sínú odò kánàlì ní Òkè-Afá. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìpayà láìsí ètò a máa pani ju iná lọ.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ní Abule Egba, àwọn olè lu páìpù epo, àwọn aládùúgbò sì gbé kẹ́ẹ̀gì àti báàfù jáde láti bu epo. Iná sọ. Àwọn tó kú lé ní 200. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: irú ebi wo ló ń gbé ènìyàn lọ fi báàfù bu epo bẹntiróòlù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì?

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì náà ni, ní ọdún 2012, tí ilé kan tí wọ́n kó báńgà sí bú gbàmù ní Jankara, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì jó àwọn ilé tó yí i ká. Báńgà tí a fi ń ṣeré ni o.

Ìkẹrin ni tiwa gan-an níhìn-ín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, ọjà Tejúoṣó jóná. Àwọn ìyá wa kan wà nínú ìpàdé yìí tí ọjà wọn wà níbẹ̀, tí wọ́n ti kó ọjà ọdún sílẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóòótọ́, wọ́n kọ́ ọjà náà padà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2014, ó ga, ó rẹwà, ó ní àtẹ̀gùn tó ń dá rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọjà wọn jóná pariwo pé owó ṣọ́ọ̀bù tuntun náà ga ju agbára wọn lọ. Ẹwà bù sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ta ni? Iná jó ìyá ọlọ́jà lẹ́ẹ̀kan, owó ṣọ́ọ̀bù tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdájọ́ òdodo, kò fi lè kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ̀ṢẸ̀ TÈMI

Kí n tó sọ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí èmi ṣe.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ẹ rántí ìlà tó wà ní ilé epo nígbà náà. Mo ti ibi iṣẹ́ ìjọba dé, mo tò títí dé òru, mo sì ra kẹ́ẹ̀gì méjì fún jẹnẹrétọ̀ ìjọ. Mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn wa, níbi tí àwọn ọmọ máa ń gbà lọ sí kíláàsì wọn. Ìdérí ọ̀kan kò dé dáadáa, mo fi ọ̀rá dì í lẹ́nu. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ní ìjọ́ méjì péré ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ní ìṣọ́ òru. NEPA mú iná lọ. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, tó máa ń bá wa tan jẹnẹrétọ̀, mú àbẹ́là lọ́wọ́, ó lọ bu epo. Kò tí ì dé ìdí kẹ́ẹ̀gì rárá tí iná fi gbà. Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, tí yóò sì rìn lọ bá iná níbi tó bá wà. Ọmọ náà jóná láti ẹsẹ̀ dé itan.

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi pásítọ̀ yín tún ṣe. Mo ní kí wọ́n gbé epo pupa wá, mo dà á lé ojú egbò náà. Ẹnìkan gbé ẹyin wá, a fọ́ ọ lé e. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó ní, “Sà, omi ẹ̀rọ nìkan lẹ bá dà sí i, ọmọ yìí kò ní jẹ ìyà tó máa jẹ báyìí.” Wọ́n ní láti họ gbogbo ohun tí a dà sí i kúrò kí wọ́n tó lè tọ́jú rẹ̀. Mo dúró níta, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde lórí pẹpẹ, mo ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, mo ní kí ìjọ pariwo iná lé ọ̀tá lórí. Gbogbo ìjọ pariwo. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ọmọ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi. Ṣé ọ̀tá ló gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ àtẹ̀gùn ni?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ dìde.” Kò dìde. Ó ń wò mí ni.

Ìjọ san lára owó ìwòsàn. Èyí tó kù, obìnrin náà ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ó tó san án tán. Ọdún kan gbáko kọjá kí a tó ra òmíràn fún un. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ọmọ náà yè, ó ti di géńdé, ṣùgbọ́n kì í wọ ṣòkòtò péńpé títí di òní. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n sì gbàṣẹ láti jẹ́ kí n máa sọ ìtàn yìí níbi tí ó bá yẹ.

Ẹ̀yin ará, àwa la máa ń pe iná Ẹ̀mí Mímọ́ jù nílùú yìí. Kò burú. Ṣùgbọ́n iná tí ń bẹ nínú sítóòfù kò mọ ẹni tó ń gbàdúrà. Bí a bá ń fi gbogbo iná lé ọ̀tá lọ́rùn, a ò ní wo ìdí kẹ́ẹ̀gì láéláé, ìyẹn ni pé ọmọ ẹlòmíràn yóò tún jóná.

ẸRÙ TA NI?

Òfin Mósè nínú ìwé Diutarónómì orí 22 sọ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ohun ìdènà yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn onílé. Ẹ wò ó dáadáa: onílé ni Ọlọ́run bi.

Ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù tó wà láàrin wa, irin tí ẹ fi dí ojú fèrèsé nítorí olè, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú. Olè kò gbọ́dọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè jáde. Wáyà tó ti pé ogún ọdún, ẹ pè oníná tó mọṣẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má dá sọ ọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí láńlọ́ọ̀dù má baà ní kí ẹ kó jáde. Ẹ kọ ìwé papọ̀, kí gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín kọ ọ́, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Ẹ̀yin alága àdúgbò, géètì tí ẹ ń tì ní aago mọ́kànlá alẹ́, ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sùn? Panápaná lè ti Sari Iganmu tàbí Ilupeju jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wá bá géètì títì pa, tàbí kánópì ayẹyẹ tó dí títì, tàbí ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà a ó máa bú wọn pé wọ́n pẹ́. Kí ìjọba náà ṣe tirẹ̀: omi fún panápaná, ọkọ̀ tó pé, ojú ọ̀nà tó ṣeé gbà. Ẹ̀tọ́ wa ni, kì í ṣe ojú rere, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún.

OHUN TÍ ẸBÍ KỌ̀Ọ̀KAN YÓÒ ṢE

1. Epo bẹntiróòlù: ẹ má gbé e sùn nínú ilé, ì báà ṣe òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ má rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí nígbà tó gbóná. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ọyẹ́ mú tí ẹ ti tilẹ̀kùn: èéfín rẹ̀ a máa pa odidi ẹbí lójú oorun.

2. Gáàsì: ìta ni kí sílíńdà wà. Ẹ fi ọṣẹ híhó pa ìdí róbà rẹ̀ wò. Bí ó bá ń hó, gáàsì ń jò. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, kí gbogbo ilé sì jáde. Gáàsì náà, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́.

3. NEPA: bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù, híítà àti tẹlifísọ̀n kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ iná ní Mushin ló bẹ̀rẹ̀ nígbà tí NEPA dé padà tí onílé kò sí nílé.

4. Àbẹ́là àti oògùn ẹ̀fọn tí à ń tanná sí: inú àwo irin tàbí àwo tánganran ni kí ẹ gbé e sí, kí ó jìnnà sí kọ́tìnnì àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi ọmọ tì í.

5. Pàǹtí: ẹ má dáná sun ún ní àkókò yìí, ì báà ṣe ewé lásán. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò mọ ààlà ọgbà.

6. Òróró tó gbaná nínú ìkòkò: ẹ má da omi sí i láé. Ẹ pa iná ìdáná, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má sì gbé e rìn.

7. Bí iná bá sọ: ènìyàn ni kí ẹ kó, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Bí èéfín bá pọ̀, ẹ rá kòrò nílẹ̀, ibẹ̀ ni èémí wà. Ẹ pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ọkọ̀ lè fi mọ̀ yín. Kí ilé kọ̀ọ̀kan fẹnu kò sí ibi kan níta tí gbogbo ọmọ yóò ti pàdé, kí ẹnikẹ́ni má baà padà sínú iná wá ẹni tó ti jáde.

8. Bí iná bá jó ènìyàn: omi ẹ̀rọ tó tutù, tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbagada ní ibi ìtọ́jú fún àwọn tí iná jó.

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ohun kan péré ni mo tọrọ. Kí bàbá tàbí ìyá mú ọmọ kan lọ́wọ́, kí ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ bá rí tó yẹ kí ó kúrò, ẹ gbé e kúrò lálẹ́ òní, ẹ má sọ pé ìjọ́ méjì péré ni. Bí ẹ bá ṣe tán, nígbà náà ni kí ẹ wá kúnlẹ̀ gbàdúrà.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé wa àti ilé aládùúgbò wa. Kí ó fún àwọn panápaná lókun. Kí òjò àkọ́rọ̀ bá gbogbo wa láyọ̀. Àmín.